Ta Ni Wọ́n Ń Pòṣé Sí? Èrò Ìwòran àti Òṣèré Arọ́pò

Ní àwọn tíátà Broadway ní New York àti West End ní London, ariwo kan wà tí gbogbo òṣèré mọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ láàárín wọn. Èrò ti jókòó, iná fẹ́ kú, ohùn kan wá kéde pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára pátákó ìta ni yóò ṣe olú ẹ̀dá ìtàn lónìí, dípò ìlúmọ̀ọ́ká tí gbogbo ayé torí rẹ̀ wá. Kí ìkéde náà tó parí, ìkùn á ti gba gbogbo gbọ̀ngàn. Àwọn kan á pòṣé, àwọn mélòó kan á sì dìde lọ béèrè owó wọn. Wákàtí méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn èrò yìí kan náà lè wà lórí ìdúró, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ kíkankíkan fún ẹni tí wọ́n pòṣé sí. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ débi pé àwọn oníròyìn eré ti sọ ọ́ di ìtàn àtìgbàdégbà: arọ́pò tí wọ́n fojú di ló wá di akọni. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Ó ń jẹ́ ká rò pé ìjà kan wà láàárín èrò ìwòran àti arọ́pò, àti pé ẹ̀bùn arọ́pò ló ń parí ìjà ọ̀hún. Tá a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé kò síjà kankan níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì la ẹnu, kí ni wọ́n fẹ́ fi dá a lẹ́jọ́? Ọjà tí wọ́n tà fún èrò ìwòran, àti bí wọ́n ṣe tà á, ni òṣé náà ń dá lẹ́jọ́.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí arọ́pò jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ òǹwòran rò pé ẹni tí wọ́n sáré fà wọlé láti ìta ni. Ọ̀nà mẹ́rin ni iṣẹ́ náà pín sí. Àkọ́kọ́ ni understudy, ẹni tó ní ipa kékeré tirẹ̀ tó ń ṣe lálaalẹ́, tó sì tún kọ́ ipa ńlá mọ́ ọn. Èkejì ni standby, tí kì í gun orí ìtàgé rárá bí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó wà nítòsí, kí fóònù rẹ̀ má sì kú. Ẹ̀kẹta ni swing, tó ń rọ́pò àwọn akọrin àti oníjó. Swing kan lè mọ ipa ènìyàn mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí kan ibi tí ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń tẹ̀ lórí ìtàgé, nítorí oníjó tó bá gba apá òsì nígbà tó yẹ kó gba apá ọ̀tún lè kọlu ẹlòmíì tàbí kí àwòrán ilé tí wọ́n ń tì wọlé gbá a. Ẹ̀kẹrin ni alternate, tó ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ti kéde ọjọ́ náà ṣáájú. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe eré kan lọ́sẹ̀ lórí Broadway, wọn kò sì fi irin ṣe ọ̀fun ènìyàn, nítorí náà kò sí eré olórin ńlá kan tó lè dúró lọ́dún kan láìsí àwọn wọ̀nyí. Bí eré bá ti ṣí tán, alámòójútó ìtàgé ló sábà máa ń darí ìdánrawò wọn, lọ́sàn-án, nínú gbọ̀ngàn òfìfo, pẹ̀lú dùùrù kan ṣoṣo dípò gbogbo ẹgbẹ́ olórin, aṣọ ilé wọn ló sì máa ń wà lọ́rùn wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí arọ́pò yóò wọ aṣọ ipa náà, tí yóò sì gbọ́ fèrè àti ìlù lẹ́yìn ara rẹ̀, lè jẹ́ ojú ẹgbẹ̀rún èrò. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú eré, gbogbo òṣèré ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi kọ́ lẹ́yìn ìtàgé. Tí ojú ẹnì kan bá ṣófo lórí ìwé yẹn, aré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń sọ fún èrò ìwòran náà ní ìlànà tirẹ̀. Actors' Equity, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn òṣèré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, ti bá àwọn tó ń gbé eré jáde ṣàdéhùn pé bí ẹlòmíì bá fẹ́ ṣe ipa tí orúkọ ẹnì kan wà fún nínú ìwé ètò, ó kéré tán ọ̀nà méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́: kí wọ́n ki ìwé pélébé bọ inú ìwé ètò, kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà, tàbí kí wọ́n kéde rẹ̀. Ìwé pélébé yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ̀. Èèyàn á ṣí Playbill, ìwé ètò rẹ̀, ìwé funfun kan á já bọ́ sórí itan rẹ̀, ìlà kan tàbí méjì ló sì máa wà níbẹ̀: lágbájá ni yóò ṣe ipa tàmẹ̀dù lónìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, àṣà kan tún wà lórí Broadway tó fi ohun púpọ̀ hàn. Bí orúkọ ẹni tí kò wá bá wà lókè àkọ́lé eré lára pátákó, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lè gba owó rẹ̀ padà tàbí kó pààrọ̀ ọjọ́, bí ó bá ti sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí orúkọ náà bá wà nísàlẹ̀ àkọ́lé, kò sí ohun tó kàn án. Ẹ wo ohun tí àṣà yìí ń jẹ́wọ́ rẹ̀: ọjà méjì ni tíátà ń tà. Bí orúkọ bá wà nísàlẹ̀, eré lo rà. Bí ó bá wà lókè, ènìyàn lo rà. Kò sẹ́ni tó wọn ohùn, kò sẹ́ni tó wọn ẹ̀bùn. Ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí ló pinnu. Ní London, ọ̀pọ̀ tíátà ń kọ ọ́ sínú àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì pé àwọn kò ṣèlérí pé òṣèré kan pàtó yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òṣèré kan náà ló gba gbogbo ara bọ́ọ̀sì tó ń polówó eré ọ̀hún. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí ló ń wá sọ́kàn èrò nígbà ìkéde. Ẹni tí kò sì sẹ́ni tó ń bi léèrè ni ẹni tó gbé àdán sójú pátákó.

Àpẹẹrẹ tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù ni ti Ria Jones. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, Glenn Close wá sí London Coliseum láti ṣe Norma Desmond nínú Sunset Boulevard, eré olórin tí Andrew Lloyd Webber kọ orin rẹ̀. Ipa yìí ló fi gba àmì ẹ̀yẹ Tony ní 1995, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni eré náà máa lò, àwọn èèyàn sì du tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tí eré ń lọ sópin, àkóràn àyà gbé Close dè, ó di èrò ilé ìwòsàn. Ria Jones, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Wales, ló bọ́ sí ipò rẹ̀. Àwọn kan kùn, àwọn kan lọ béèrè owó wọn. Àwọn tó jókòó ni wọ́n dìde fún un nígbà tí eré parí, tí ìwé ìròyìn sì gbé e. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kùn kò mọ̀ ni pé Jones ti kọ orin Norma Desmond ní 1991, nígbà tí Lloyd Webber kọ́kọ́ dán eré náà wò ní Sydmonton, ilé rẹ̀ ní ìgbèríko, ṣáájú kí Close tó fọwọ́ kan ipa náà. Ní 2017, eré yìí kan náà gbéra láti tíátà Curve ní Leicester, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Britain, orúkọ Ria Jones ló sì wà lára pátákó. Kò sí ìkéde tí ẹnikẹ́ni máa pòṣé sí mọ́. Obìnrin kan náà ni, ohùn kan náà, orin kan náà. Ká ní àìtó rẹ̀ ni wọ́n kùn sí ní 2016, àìtó náà ì bá ti bá a dé Leicester. Ohun tó yí padà kò ju ohun tí wọ́n tẹ̀ sára pátákó lọ.

Irú ẹ̀rí yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ Jones. Lọ́dún 2016 náà, ní tíátà Savoy ní London, Sheridan Smith tó ń ṣe Fanny Brice nínú Funny Girl gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Natasha J Barnes sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Owó ni àwọn kan kọ́kọ́ ń béèrè; kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn ká pé ọmọbìnrin náà ń ṣe bẹbẹ. Nígbà tí eré náà rin ìrìn àjò káàkiri Britain ní 2017, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi tà á: ní ìlú yìí, Smith ni, ní ìlú yẹn, Barnes ni. Ní New York, Funny Girl tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kan náà ní 2022. Julie Benko ni standby fún Beanie Feldstein ní tíátà August Wilson, òun ló sì ń wọlé bí Feldstein bá ń ṣàìsàn. Nígbà tí Feldstein lọ lópin oṣù keje, tí Lea Michele kò sì ní í dé títí di oṣù kẹsàn-án, Benko ni wọ́n fún ní gbogbo oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn tí Michele dé, wọ́n fi ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún Benko, wọ́n sì kéde rẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́bọ̀ gan-an ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Javier Muñoz tó ń ṣe Alexander Hamilton nínú eré Hamilton ní ọjọ́ tí Lin-Manuel Miranda kò bá ṣe é. Òun ni Ààrẹ Obama bá lórí ìtàgé nígbà tó mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo eré náà ní oṣù keje ọdún 2015. Níbi gbogbo tí wọ́n ti jẹ́ kí oníbàárà mọ ohun tó ń rà, ìkùn á fò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni orí ìtàgé kò yí padà.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò sanwó. Tíkẹ́ẹ̀tì kan lórí Broadway lè ju 200 dọ́là lọ, ká má tíì ka owó hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó ti ń wo ìlúmọ̀ọ́ká kan nínú fíìmù láti kékeré, tó wá tú owó jọ kó lè rí i lójúkojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, kí ni a fẹ́ wí fún un pé kó má ṣe bínú? Òótọ́ ni. Àwọn kan nínú àwọn olólùfẹ́ tíátà máa ń fojú òpè wo irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kò mọyì eré. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó dùn ún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó gba owó rẹ̀. Ibi tó ń darí ìbínú náà sí ni ọ̀rọ̀ wà. Arọ́pò kọ́ ló tẹ pátákó, kò sí níbi tí wọ́n ti dá iye tíkẹ́ẹ̀tì, owó tó sì wọlé torí orúkọ ìlúmọ̀ọ́ká kò wọ àpò rẹ̀. Bí a bá pòṣé sínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, àwọn tó ta ọjà kò ní í gbọ́ ọ. Wọ́n ti wà ní ọ́fíìsì tàbí nílé. Ẹni kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ọ ni ẹni tó dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tó ń retí àmì àtiwọlé, tí àyà rẹ̀ ti ń lù kìkì tẹ́lẹ̀.

Àtakò kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Àwọn kan ní àánú ló ń mú èrò dìde fún arọ́pò, tàbí pé ẹni tó ti náwó gọbọi ń wá bó ṣe máa gbà pé owó òun kò gbé. Wọ́n tún ní lásìkò yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo eré orí Broadway ni wọ́n ń dìde fún, nítorí náà ìdìdedúró kò jámọ́ ẹ̀rí kankan. Mo fara mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ń gbe ohun tí mo ń sọ lẹ́sẹ̀. Bí àtẹ́wọ́ ìparí bá wá láti inú ohun tí èrò ń retí, a jẹ́ pé inú ibẹ̀ náà ni òṣé ìbẹ̀rẹ̀ ti wá, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìdájọ́ lórí iṣẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìlúmọ̀ọ́ká. Ní New York, bó bá ti yọjú sórí ìtàgé báyìí ni àtẹ́wọ́ á bo ilé, eré á dúró díẹ̀ kí ariwo tó rọlẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀, kò tíì kọrin. Àwìn ni àtẹ́wọ́ yẹn, orúkọ ló sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àìní orúkọ ṣe ń fa òṣé sórí arọ́pò tí òun náà kò tíì sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ohun kan ṣẹ́ kù tí àánú nìkan kò lè ṣàlàyé. Bí èrò bá mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú àwọn ń ṣe ipa náà fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n máa ń tẹ́tí jù bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí fún ẹni tí wọ́n ti mọ orin rẹ̀ lórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọn kò mọ bó ṣe máa gba ohùn òkè ìparí orin náà. Ìfetísílẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú tíátà yàtọ̀ sí fíìmù, ó sì jọni lójú pé ìgbà tí wọn kò fún èèyàn ní ohun tó rà ló máa ń rí i gbà jù.

Ẹlòmíì á ní àwọn tó ṣe é dáadáa nìkan ni mo ń dárúkọ. Òdodo nìyẹn, ó sì yẹ ká sọ ọ́ síta. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn tíátà ló mọ ìtàn Shirley MacLaine. Ní 1954, nínú The Pajama Game ní tíátà St. James, Carol Haney fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe, MacLaine tó wà láàárín àwọn oníjó sì gba ipò rẹ̀. Hal Wallis, agbéfíìmùjáde, rí i níbẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 1955, MacLaine ti wà nínú fíìmù Alfred Hitchcock. Àwọn olórin ìlànà Yúróòpù ní ti Leonard Bernstein, tó gba ipò Bruno Walter tí ara rẹ̀ kò yá ní Carnegie Hall lọ́jọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1943, tó darí ẹgbẹ́ olórin Philharmonic láìṣe ìdánrawò, tí wọ́n sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò. Àìwọ́pọ̀ irú wọn ló sọ wọ́n di ìtàn. Ní ọ̀pọ̀ alẹ́, arọ́pò á ṣe iṣẹ́ tó mọ́gbọ́n dání, á kí èrò, á relé, á sì padà sí àárín àwọn akọrin lọ́jọ́ kejì láìsí oníròyìn kankan níbẹ̀. Àwọn mìíràn kò tó ẹni tí wọ́n rọ́pò, ìfẹ́ tó yẹ kó hàn láàárín òṣèré méjì lórí ìtàgé sì lè gbẹ nítorí pé wọn kò tíì bára wọn ṣe é rí. N kò sọ pé arọ́pò máa ń dọ́gba pẹ̀lú ìlúmọ̀ọ́ká. Ohun tí mo sọ ni pé lẹ́yìn tí a bá ti wo eré ni a lè mọ̀. Ẹni tó bá ṣe é dànù, kí a sọ pé ó ṣe é dànù, bó ṣe yẹ ká sọ ọ́ fún ìlúmọ̀ọ́ká tó bá fi àárẹ̀ ṣeré. Ká sì rántí ohun tó wà ní òdìkejì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, nígbà tí kòrónà tún gbérí ní New York, àwọn eré bíi Hamilton àti Aladdin fagi lé ọjọ́ púpọ̀, nítorí àìsàn ti mú ènìyàn ju iye tí àwọn arọ́pò lè dí àlàfo wọn. Ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn lọ́sẹ̀ yẹn kò rí ìlúmọ̀ọ́ká, kò sì rí ẹnikẹ́ni.

Inú oṣù yẹn náà ni ohun tó fi ojútùú hàn ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ 23 oṣù kejìlá, ní tíátà Winter Garden, Sutton Foster tó jẹ́ olú obìnrin nínú The Music Man kò lè wá, Kathy Voytko tó jẹ́ swing ló sì ṣe Marian Paroo. Nígbà tí wọ́n parí, Hugh Jackman tó jẹ́ olú ọkùnrin dá èrò dúró, ó sì sọ fún wọn pé bí obìnrin náà ṣe dé ibi iṣẹ́ láago méjìlá ọ̀sán, ipa mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣeé ṣe kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ti olú obìnrin ni, aago kan ló sì bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ipa náà. Ó yin gbogbo àwọn swing àti arọ́pò, fídíò ọ̀rọ̀ náà sì tàn kárí ayé. Ọ̀pọ̀ ló gbóríyìn fún Jackman torí ìwà ọmọlúwàbí tó hù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe gan-an ni pé ó fún èrò ní àlàyé tí ìwé pélébé kò fún wọn. Ìwé pélébé ń sọ ẹni tí kò wá àti orúkọ àjèjì kan. Jackman sọ iṣẹ́ tí àjèjì náà ti ṣe kó tó dé iwájú wọn. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹ̀yìn eré ni àlàyé náà dé, lẹ́yìn tí ẹni tó fẹ́ pòṣé ti pòṣé.

Nítorí náà, àwọn tó ń ta eré ni àtúnṣe wà lọ́wọ́ wọn ná. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ìlúmọ̀ọ́ká kò ní í sí níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí èèyàn ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, bí àwọn kan ti ń ṣe báyìí. Kí wọ́n fi àwòrán àwọn arọ́pò sójú táyé, kí wọ́n sì kọ àwọn ipa tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ síbẹ̀. Bí àìsàn bá dé lójijì, kí ìkéde kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó fẹ́ ṣeré, kó sọ ìlà kan nípa rẹ̀, kó tó mẹ́nu ba ẹni tí kò wá. Bí wọ́n bá sì ti fi ojú ẹnì kan polówó eré, kí wọ́n múra àtidá owó padà láìfa ọ̀rọ̀ gùn, ì báà jẹ́ òkè àkọ́lé ni orúkọ rẹ̀ wà tàbí ìsàlẹ̀. Èrò ìwòran náà ní tirẹ̀ láti ṣe, kò sì le. Ẹni tó jẹ́ pé orúkọ ló rà, kó dìde nígbà tí iná ṣì wà, kó lọ béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ẹni tó bá yàn láti jókòó ti gbà láti wo eré, kó pa òṣé rẹ̀ mọ́ títí yóò fi rí ohun tó yẹ kó pòṣé sí.